Èènì Màmá Àwẹ̀ró

Èérún-ọpọlọ mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n dá padà láti òṣùpá láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí kò yege nínú wọn kí wọ́n tó kúrò ní Òkè-Ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èérún-ọpọlọ ni nǹkan bíńtín, tí kò tó èékánná ọmọ tuntun, tó ń ronú nínú gbogbo ẹ̀rọ ayé ìgbà náà. Òkè-Ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ibẹ̀ náà ni aṣàyẹ̀wò wà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan èérún kọ̀ọ̀kan, tó ń bi í ní ìbéèrè, tó sì ń ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára òmùgọ̀. Ní òṣùpá, èérún yìí ló ń darí àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mẹ́rìndínlógójì ti kú nínú wọn, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń fi ife wọn omi mu.

Arúgbó ni wọ́n ń pe aṣàyẹ̀wò Òkè-Ẹ̀rọ. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ Màmá Àwẹ̀ró, obìnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí inú rẹ̀ sì dára ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, Ọ̀gá Adégòróyè, olórí ilé-iṣẹ́, fẹ́ ta Arúgbó fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Morádékẹ́ ló dá a dúró. Ẹnjiníà ni Morádékẹ́, Màmá Àwẹ̀ró ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé.

"Ara Arúgbó ṣì le, sà," ó ní. "Orí rẹ̀ nìkan ni ká pààrọ̀. Kò ní ná wa ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ̀rọ tuntun lọ."

Wọ́n pààrọ̀ orí náà. Ká sòótọ́, Morádékẹ́ tó ṣe orí tuntun náà mọṣẹ́. Èérún tí Arúgbó ń fi odidi ìṣẹ́jú kan yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló ń gbà á báyìí. Kì í sinmi, wọn kì í sì í pa á mọ́ fún oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ní kí Màmá jókòó kó máa wòran. Owó tó ṣẹ́ kù sílé pọ̀ débi pé Ọ̀gá ń kọrin nínú ọ́fíìsì, títí ìròyìn òṣùpá fi dé.

"Di ọjọ́ Ẹtì," ni Ọ̀gá wí. "Bí ẹ kò bá tíì rí ìdí rẹ̀, wọ́n á wá tú Arúgbó palẹ̀. Màmá, ẹ̀yin náà á lọ sinmi nílé."

Ojú ti Morádékẹ́. Orí tí òun fi gba Arúgbó sílẹ̀ ló tún fẹ́ pa á yìí, tí yóò sì lé Màmá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú orí náà, tó ń fi wé ti àtijọ́. Kò sí ìbéèrè kan tó sọnù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó rí Màmá níbi tó jókòó sí, kúlà oúnjẹ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ṣí i.

"Màmá, ẹ ò tíì jẹun?"

"Aago méjì ò tíì lù. Ó ti mọ́ mi lára. Àsìkò èènì nìyí."

"Èènì kẹ̀?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ fún oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń kó àwọn tó ti yege sínú àpótí ooru tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arúgbó fún wákàtí kan, màá wá tún bi wọ́n léèrè. Òmíràn á dáhùn dáadáa nígbà tó bá tutù, ara rẹ̀ á gbóná tán, á gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ òmùgọ̀ ni mò ń jù ú sí."

"Kò sí nínú ìwé kankan, Màmá!"

"Ta ló ń kọ èènì sínú ìwé?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ẹnu ya Màmá gidi. "Mo rò pé o ti fi sínú orí tuntun ni. Ṣé èèyàn máa ń tajà láìfi èènì sí i?"

Morádékẹ́ kó ọgọ́rùn-ún nínú àwọn tó yege láàárọ̀ sínú ooru. Nígbà tí wákàtí kan pé, mẹ́rin ti gbàgbé ohun gbogbo. Ó sáré pe Ọ̀gá.

"Wákàtí kan lójúmọ́, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni Ọ̀gá wí, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ta ló ń san owó rẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Morádékẹ́ na ọwọ́ sí kúlà tó wà nílẹ̀. "Màmá ni, sà. Wọn ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán tó gbóná rí níbí."

Ọ̀gá Adégòróyè ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Màmá Àwẹ̀ró. "Dìde jàre," ni Màmá ń wí, "aṣọ ẹ á dọ̀tí."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Morádékẹ́ fi èènì sínú orí tuntun. Èènì náà jẹ ìdajì nínú èrè tí wọ́n ń yọ̀ lé lórí. Ọ̀gá kò kọrin mọ́, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Arúgbó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èérún sínú ooru. Màmá fẹ́ dìde lọ bá a. Morádékẹ́ rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sórí àga, ó sì gbé àwo àsáró tó ń rú èéfín lé e lórí itan.

Màmá bu ṣíbí ńlá, ó gbé e sẹ́nu bó ṣe máa ń gbé e, ó sì figbe ta. "Yéè! Ó jó mi o!"

Morádékẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ máa fẹ́ ẹ, Màmá. Bí oúnjẹ ọ̀sán ṣe máa ń rí nìyẹn."