Àgbá Méjì

Ìjà ni Eléèédú àti obìnrin aláyẹ̀wò omi fi mọra wọn.

"Ọ̀gá, èédú yín ò mú oògùn apakòkòrò kankan kúrò nínú omi odò wa."

"Irọ́! Mo po oògùn náà mómi nílé, mo da èédú ṣúkù àgbàdo mi sí i, òórùn rẹ̀ pòórá."

"Omi wo lẹ lò?"

"Omi ẹ̀rọ."

Obìnrin náà pòṣé. "Ṣé omi ẹ̀rọ la ní kí ẹ bá wa sẹ́ ni? Omi odò pọ́n bíi tíì nítorí oje ewé jíjẹrà. Oje yẹn ló ń kọ́kọ́ kún ihò wẹ́wẹ́ ara èédú. Kí oògùn tó dé, àyè ti tán."

Eléèédú bínú lọ. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, èédú náà tún kùnà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, gbogbo ayé ti mọ̀ pé èédú nìkan kọ́ ló ń gbé e wá. Ìfẹ́ ti wọlé sí àwọn méjèèjì lára.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà fárígá. "Ẹni tí èédú ń dà láàmú, ṣé obìnrin ló fẹ́ rójú gbọ́ tiẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ tó kú gan-an ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀!"

Òótọ́ kúkú ni. Ọjọ́ tí obìnrin náà lọ kí i nílé, aṣọ olóògbé ló wà lórí gbogbo àga.

"Olólùfẹ́ mi, ó ti sú mi. Níbo ni kí n jókòó sí?"

"Ṣé kí n jù wọ́n nù ni?"

"Ta ló ní kí ẹ jù wọ́n nù?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Odindi oṣù kan ni Eléèédú ò yọjú. Nígbà tó dé, ìgò omi odò kan tó ti sẹ́ ló gbé kalẹ̀. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò rí oògùn níbẹ̀ mọ́.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Àgbá méjì ni. Iyanrìn àti èédú igi lásán wà nínú ti àkọ́kọ́, kó lè gba oje ewé sílẹ̀. Èédú ṣúkù wà nínú ìkejì, oògùn nìkan ló kù fún un." Ó wolẹ̀. "Mo ti kó aṣọ ìyá àwọn ọmọ mi sí yàrá inú. Ibẹ̀ ni tiẹ̀. N ò jù wọ́n nù o. Ṣùgbọ́n àga kan ti ṣófo."

Obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Àga kan péré? Ẹ̀gbọ́n mi tó ti wá gbà báyìí láti fà mí lé yín lọ́wọ́ ńkọ́, ṣé ìnàró ló máa wà ni?"