Lẹ́tà Mẹ́ta Láti Bọ́mà

Òótọ́ pọ́ńbélé lèyí. Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un; bó ṣe wà yẹn gan-an ti burú tó. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wọ D Close ní Festac, kó béèrè ilé Fọláránmi, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á júwe ilé fún un. Bóyá Fọláránmi á ṣílẹ̀kùn ni mi ò lè sọ.

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi to fáìlì ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi ohun tó bá wà lákọsílẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Adéníkẹ́, nìkan ló kù nínú fúláàtì. Tíṣà ni màmá tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Inú oyún ló wà nígbà tí Adédìran, bàbá rẹ̀, bá àwọn òyìnbó lọ sógun Bọ́mà lọ́dún 1943. Adédìran ò padà mọ́.

Àìpadà náà kọ́ ló dunni jù. Ní Ìsẹ́yìn, gbogbo ilé tí ọmọ wọn bógun lọ ni lẹ́tà ìjọba wá bá. Ilé Adédìran nìkan ni lẹ́tà ò dé. Làwọn ará ìlú bá ṣírò rẹ̀: ẹni tó kú ló ní lẹ́tà, ẹni tí kò ní lẹ́tà, ó sá lójú ogun ni. Wọn ò jẹ́ kí Adébùnmí, ìyàwó rẹ̀, ṣe opó. Wọ́n lé e jáde tòun tọmọ ọwọ́. "Ọmọ ojo" ni wọ́n ń pe Adéníkẹ́ títí ó fi relé ọkọ, wọ́n sì tún ń pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí màmá wá ń bẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kó bá òun wẹ orúkọ bàbá òun mọ́ kí òun tó kú.

Ọdún mẹ́fà ni Fọláránmi fi wá a. Orúkọ ìdílé ló kọ́kọ́ fi ń wá a, kò rí nǹkan kan. Alàgbà Fáṣínà ní Mazamaza, tí bàbá tirẹ̀ náà lọ Bọ́mà, ló là á lóye pé orúkọ ìlú làwọn òyìnbó fi ń ṣe orúkọ bàbá fún wọn. Adédìran Ìsẹ́yìn ni kó wá. Ó rí i lóòótọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ogun nílùú òyìnbó ní kó kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó lè fi fáìlì ránṣẹ́. Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà fún mọ̀lẹ́bí ṣọ́jà, ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ̀wé sí.

"Kọ orúkọ ìyá mi," ni màmá wí.

"Màámi, òkú kì í gba lẹ́tà."

"Òun ló retí ẹ̀."

"Fáìlì tó bá ti lórúkọ òkú lára, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì í sí. Èmi náà ti tì í rí."

Ọmọ gbọ́n ju ìyá lọ. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ àdírẹ́sì: 7, D Close, Festac Town. Ó fa ìlà kọjá lọ́rùn 7 náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ó pé oṣù mẹ́rin kí fáìlì tó dé lórí fóònù. Ọ̀sán gangan ló lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù Lilian. Lilian àti àwọn ọmọ Fọláránmi méjèèjì, Dennis àti Dammy, jọ ṣeré dàgbà ni. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin Dennis. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin Dammy.

Ẹ̀rọ ń fa ìwé. Lójijì, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù dúró. Iná kú.

Ìwé ṣì ń jáde.

Lilian fa wáyà yọ lára ògiri. Ìwé ṣì ń jáde. Ó mú ọ̀kan, ó sì jù ú sílẹ̀.

"Dádì, ó tutù."

Ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ẹ̀rọ jáde máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tutù bí ohun tí wọ́n fà jáde nínú odò, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀. Fọláránmi gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi gba Adédìran síṣẹ́ ogun ni, oṣù kẹta ọdún 1943. Àmì àtàǹpàkò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Tádàwà tó ti pọ́n bí ìpẹtà ni wọ́n fi kọ orúkọ mọ̀lẹ́bí.

"Dádì, orúkọ yín nìyí."

"Mo rí i."

"Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni."

Fọláránmi tún wo ìwé náà. 7 náà ní ìlà lọ́rùn. Lọ́dún 1943, ogún ọdún ló kù kí wọ́n bí i. Àbàtà àti alákàn ló wà níbi tí wọ́n wá ń pè ní Festac.

Ó ka èyí tó kù. Adédìran ò sá. Ìbọn ló pa á létí odò níbi tó ti ń wọ́ ẹni tó fara gbọgbẹ́ jáde. Ìjọba kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ọ́, sí Fọláránmi, 7, D Close. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, tí wọ́n kọ ọ́ sára àpò ìwé pé kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó jókòó sórí àga Lilian, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti dé ìdí fáìlì. Ó yọ ojú ìwé tó ní orúkọ rẹ̀, ó ká a, ó kì í bọ àpò ṣòkòtò.

Nílé, màmá ka ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán.

"Bàbá mi ò sá."

"Wọn ò sá, Màámi."

"Ìjọba kọ lẹ́tà."

"Wọ́n kọ ọ́."

"Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Fọláránmi fọwọ́ bo àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nǹkan kan ń kán sílẹ̀, tó, tó. Màmá wo ilẹ̀, ó wo ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ tó ti rin gbindin dé orúnkún.

"Kí ló wà nínú àpò ẹ?"

Ó mú un fún un. Màmá kà á. Ó gbé ojú sókè, ògiri ló ń wò.

"Ìyá mi mọ̀ pé wọ́n kọ lẹ́tà. Ó ní ẹnì kan ló gbà á mọ́ òun lọ́wọ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Àràárọ̀ ló ń ṣẹ́ ẹni náà lépè. Ó ní kò ní rọ́mọ sin ín. Èmi ni mò ń ṣe àmín. Nígbà tí ìyá mi kú, mo gbà á ṣe."

Fọláránmi yíjú sí àwòrán Dennis àti Dammy lára ògiri.

"Títí di àárọ̀ yìí," ni màmá wí.