Búùtù Kan fún Ènìyàn Méjì

Ọkùnrin méjì ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Fọlá Àgòrò. Lazarus, tó ti ń ṣọ́ ibẹ̀ láti àárọ̀, bọ́ ẹ̀wù yunifọ́ọ̀mù, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì nà án sí Àbdùlláhì tó fẹ́ gba iṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí bíríkì kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ búùtù.

"Ó rin díẹ̀ o," ni Lazarus wí. "Òjò ọ̀sán ló bá mi níta."

"Kò sí wàhálà, Bàbá. Ó ti mọ́ ẹsẹ̀ mi lára," ni Àbdùlláhì fèsì, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ inú búùtù tí ooru ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Lazarus wọ sílípáàsì tirẹ̀, ó múra àtilọ sílé.

Lódìkejì títì, Akínlẹ́yẹ, ọmọ Lazarus, ń kọjá lọ pẹ̀lú Sùrájù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kíláàsì àṣekágbá ni àwọn méjèèjì wà ní ilé-ìwé girama. Sùrájù dúró, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Akin, wo àwọn mẹ́gáàdì yìí! Wọ́n tún ń yá ara wọn ní ṣòkòtò!"

Akínlẹ́yẹ bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ fún Sùrájù tipẹ́ pé ọ̀gá ni bàbá òun ní kọ́mpìnnì ńlá kan, kò sì fẹ́ kí irọ́ náà tú síta. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì yára rìn.

Ẹ má tíì bínú sí ọmọ náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bínú sí ẹni tí ìbínú tọ́ sí. Bámilóyè lorúkọ rẹ̀, òun ló ni kọ́mpìnnì tó gba àwọn ọkùnrin méjì yìí síṣẹ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá pè é lórúkọ, kò ní dá yín lóhùn. Kọ́mándà ni kẹ́ ẹ máa pè é. Kọ́mándà tí kò ṣe ṣọ́jà rí, tí kò ṣe ọlọ́pàá rí, tó sì jẹ́ pé bí ajá bá gbó, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló ń sá sí! Ó ní ọ́fíìsì lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó sì gbé ìwé ẹ̀rí ológun kan kọ́ sára ògiri níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé yẹn náà ni wọ́n ti bá a tẹ̀ ẹ́.

Owó gidi ni Kọ́mándà ń gbà lórí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tó ìdajì owó oṣù tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín. Wákàtí méjìlá ni wọ́n fi ń dúró, kò sí àga, kò sí ẹ̀wù òjò. Yunifọ́ọ̀mù kan ló ń fún géètì kan. Ẹni tó bá ń lọ á bọ́ ọ fún ẹni tó ń bọ̀. Síbẹ̀, oṣooṣù ló ń yọ owó yunifọ́ọ̀mù lára àwọn méjèèjì. Ó ta ẹ̀wù kan ṣoṣo fún ẹni méjì, ẹ̀wù náà ò sì tíì di ti ẹnì kankan. Olè tó ní ọ́fíìsì ni, òun ló sì ń kó èèyàn lọ ṣọ́ olè.

Nígbà tó sú Lazarus àti Àbdùlláhì, wọ́n mú ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn yẹn ní àwọn máa wá wo àwọn géètì náà fúnra àwọn. Ọ̀rọ̀ ta sí Kọ́mándà létí. Ṣé ó wá lọ ra búùtù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni? Rárá o. Èèyàn ló lọ rà.

Pápá tí àwọn ọmọ Bárígà ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló wá. Ó wọ jígí dúdú, ó fi fìlà ṣọ́jà dé etí kan, ó ń wo àwọn tó ga nínú wọn. Akínlẹ́yẹ àti Sùrájù wà lára wọn.

"Ẹ̀yin géńdé, iṣẹ́ ọjọ́ kan rèé. Ẹ ó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun, ẹ ó dúró gírí. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní wákàtí mẹ́jọ lẹ ń ṣe, ẹ ní owó tí ìjọba wí ni mò ń san. Mo máa fún yín lówó. Búùtù tẹ́ ẹ bá sì wọ̀, ó di tiyín."

Ó na búùtù kan sókè. Ó dú, ó ń dán, irú èyí tí àwọn ọmọ olówó ń wọ̀ kiri Àkọkà.

"Ọ̀gá, ṣebí irọ́ nìyẹn?" ni Akínlẹ́yẹ béèrè.

"Irọ́ kẹ̀? Eré ni. O ò wo eré rí ni?"

Akínlẹ́yẹ mọ̀ pé kọ́mpìnnì bàbá òun nìyí. Ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára búùtù náà. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kọ́mándà ní Àkọkà lòun máa gbé e lọ, Akínlẹ́yẹ sì sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá òun ò ní mọ̀. Òun àti Sùrájù gbà.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù lé aṣọ wọn nínú bọ́ọ̀sì Kọ́mándà, wọ́n fi sílípáàsì wọn sábẹ́ àga. Nígbà tí wọ́n ní kí Akínlẹ́yẹ bọ́ sílẹ̀, bíríkì tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó lé ló kọ́kọ́ rí. Ó yíjú sí Kọ́mándà.

"Ọ̀gá, ẹ ní Àkọkà ni!"

"Géètì kan ò ju ìkan lọ. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kó o dúró dáadáa!"

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Ìyáàfin Àjàlá lorúkọ rẹ̀. Ó bi Akínlẹ́yẹ ní ìbéèrè, Akínlẹ́yẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ, obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ lọ́wọ́ ni Lazarus yọ láti igun. Wọ́n ti ní kó má wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó fura. Ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, sílípáàsì ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Lazarus lorúkọ mi. Èmi gan-an ni mo máa ń ṣọ́ ibí yìí, èmi ni mo wá sí..."

Ìgbà yẹn ló rí ẹni tó wà nínú yunifọ́ọ̀mù. Ọmọ rẹ̀ ni.

Kọ́mándà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, mà. Wèrè àdúgbò ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ṣé bẹ́yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ṣe ń múra?"

Ìyáàfin Àjàlá wo Lazarus, ó wo Akínlẹ́yẹ, ó tún wo Lazarus.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," ló wá wí, "ṣé o mọ bàbá yìí?"

Kọ́mándà ń wò ó látinú jígí dúdú.

"Rárá, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lazarus ò bá a jiyàn. Ó wo búùtù tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì yíjú sí obìnrin náà.

"Ẹ má bínú, mà. Ó lè jẹ́ pé mo ṣi géètì mọ̀ ni." Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí eré parí, Kọ́mándà kó wọn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì gba yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Ó gba búùtù náà.

"Ọ̀gá, ẹ ní ó di tiwa!" ni Sùrájù pariwo.

"Mo ní ó di tiyín. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ gbé e lọ ni?"

Ó yọ owó lílo yunifọ́ọ̀mù nínú owó tó ṣèlérí. Èyí tó kù ò lè ra búrẹ́dì tó nílàárí. Bọ́ọ̀sì sì ti gbé sílípáàsì wọn lọ. Láti Ṣómólú ni Akínlẹ́yẹ ti fẹsẹ̀ lásán rìn dé Bárígà, ó ń gba inú omi ẹrẹ̀ kọjá. Ó sẹ́ bàbá rẹ̀ nítorí búùtù, kò sì rí búùtù wọ̀ délé.

Àbdùlláhì wà ní kọ̀rọ̀ nítòsí géètì lọ́jọ́ náà, ó sì ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Sabina, ìyá Akínlẹ́yẹ. Sabina ń yan ẹja níwájú ilé wọn lẹ́bàá ọ̀sà nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dìde, ó kí i bíi ṣọ́jà.

"Ẹ káàbọ̀, òfíísà! Ẹ wá jókòó, sà. Àmọ́ ẹ má jókòó sórí ẹní yẹn o, ti mẹ́gáàdì kan ni. Oúnjẹ rèé. Owó mẹ́gáàdì la fi sè é, ṣé ẹ máa lè jẹ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí lẹ ní orúkọ bàbá yín ń jẹ́?"

"Sabina, ó tó," ni Lazarus wí láti ẹnu ọ̀nà. Kọ́mándà ti pè é lórí fóònù, ó ní kí Lazarus àti Àbdùlláhì má padà wá mọ́, òpùrọ́ ni wọ́n. "Jẹ́ kí ọmọ jẹun."

Èébú ìyá dun Akínlẹ́yẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló pa á. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Sùrájù. "Mẹ́gáàdì tá a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí, bàbá mi ni."

Sùrájù wò ó tìyanu-tìyanu. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Ìsinsìnyí ló yẹ kójú tì ọ́," ni Sùrájù wí. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.

Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Lazarus àti Àbdùlláhì, ló jọ lọ sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Àjàlá. Akínlẹ́yẹ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí pápá bọ́ọ̀lù dórí búùtù. Obìnrin náà mi orí.

"Imú yín, iwájú orí yín, ọ̀kan náà ni. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ mi ò lè kọ imú sínú ìwé ìjọba. Ohun tó o fẹnu ara rẹ sọ ni mo kọ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ìròyìn Kọ́mándà, òun rèé: wọ́n fipá mú un san owó tó ti jẹ mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba Lazarus àti Àbdùlláhì padà, ó sì ra búùtù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó ń pín in, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ẹni yẹ̀yẹ́!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni Akínlẹ́yẹ ń rántí. Kí Ìyáàfin Àjàlá tó pa ìwé rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà, ó yíjú sí Lazarus.

"Bàbá, ọmọ yìí ti sọ lójú mi pé òun ò mọ̀ yín rí. Ọ̀gá yín máa ní ṣe lẹ fowó rà á wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Akínlẹ́yẹ tẹjú mọ́ ilẹ̀. Bí Lazarus bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ta ló máa bá a wí?

"Ọmọ mi ni," ni Lazarus wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Akínlẹ́yẹ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ́ yín kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ ló yẹ kójú tì, òun àti ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a purọ́.