Èémí Bàbá Àgbà Nínú Àwo Òjò Bombay

"Mùínàt, tún un ṣe kí a rí i."

Wọn kì í bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde níwájú kíláàsì, mo tẹ̀ bí arúgbó, mo fa èémí sínú: "Fííì. Ta ló wọ bàtà mi lọ?" Kíláàsì wó lulẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín débi pé bẹ́líìtì rẹ̀ já.

Bàbá Àgbà mi ni mo ń sín jẹ. Eyín iwájú wọn kán nígbà tí wọ́n ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti mí sínú, ihò eyín náà á súfèé. Bí wọ́n bá sùn ní Gàmbàrí, àwọn ará Jẹ́bà á ti gbé ẹrù wọn jáde, wọ́n á ní reluwé ti dé.

Haneef nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹnu jíjò yẹn lẹ ní ó fọn fèrè? Bàbá àgbà tèmi, Ajíbádé, ló fọn ọ́n."

Ọ̀rọ̀ àwo kan ló ń sọ. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin mẹ́fà tí fíìmù Índíà ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ da orin Índíà pọ̀ mọ́ jáàsì, wọ́n sì ṣe àwo tí wọ́n pè ní Òjò Bombay. Orin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, fèrè ló sì ń ṣáájú nínú gbogbo wọn. Anti Rasheedah, tó ní ilé-iṣẹ́ tó ń tún orin àtijọ́ gbé jáde ní àdúgbò Challenge níbí, wá fẹ́ gbé e jáde lákọ̀tun. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ àwo náà láyé ìjọ́sí. Páálí tó bo àwo àkọ́kọ́ ní Abdulmumini, ìyẹn Bàbá Àgbà mi, ló fọn fèrè. Páálí kejì ní Ajíbádé ni. Gbogbo ẹgbẹ́ náà sì ti kú tán, ó ku Bàbá Àgbà nìkan. Anti Rasheedah ní bí òun kò bá rí ẹ̀rí títí di Jímọ̀, òun á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A kò mọ ẹni tó fọn fèrè."

Bàbá Àgbà gbọ́ èyí, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Fííì. Mùínàt, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, ìyẹn nìkan ni bàbá mi kò pàṣẹ fún mi pé kí n ṣe."

Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo mọ̀ pé bí orúkọ wọn ò bá jáde lọ́tẹ̀ yìí, ó ti parí nìyẹn.

Ni èmi tí mo pẹ́ ní JSS3 débi pé àga ibẹ̀ ti ń kí mi láàárọ̀ bá di ọlọ́gbọ́n. Mo yọ páálí àwo Bàbá Àgbà kúrò nísàlẹ̀ àpótí. Ilé alfa nilé wa, tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ kéwú sára wàláà, kò wọ́n wa. Mo ti kálámù bọ̀ ọ́, mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí náà pé: "Èmi olórí ẹgbẹ́ jẹ́rìí pé Abdulmumini ló fọn fèrè nínú orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Mo gbé e sókè èéfín títí ó fi gbó ju Òkè Sóbì lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bí a ṣe jáde nílé-ìwé, Challenge yá. Haneef ti jókòó síbẹ̀, páálí tiwọn wà lórí itan rẹ̀. Anti Rasheedah ń ti ibi alùwàlá alaásàrí bọ̀, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gba páálí lọ́wọ́ mi.

Omi kán sí i. Abdulmumini mì. Omi tún kán, Abdulmumini bá yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó kọjá níwájú olórí ẹgbẹ́, ó ń lọ sísàlẹ̀ páálí.

Anti Rasheedah fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Mùínàt, èmi náà lọ ilé-kéwú. Tàdáwà nìyí. Kí omi lè fọ̀ ọ́ kúrò lára wàláà ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Haneef ní, "Olórí ẹgbẹ́ ti kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Anti Rasheedah yíjú sí mi. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ Bàbá gbọ́ mọ́ báyìí?"

"Wọn ò mọ̀ sí i, Anti. Èmi nìkan ni."

"Fi ẹnu ara rẹ lọ sọ ọ́ fún wọn."

Láti Challenge dé Gàmbàrí lọ́jọ́ náà jìn ju Mẹ́kà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá Àgbà wo páálí náà títí.

"Orúkọ mi ti wá di ohun tí omi ń fọ̀."

Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń mí. Fííì. Fííì. Èmi tí mo ti fi ohùn yẹn pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ọ.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń mí nígbà tí ẹ ń fọn fèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Olórí wa a máa bínú sí eyín yìí."

"Ṣé ó wà nínú àwo?"

"Ta ló gbọ́ ọ? Ọjọ́ tí a ń gba orin yẹn sílẹ̀ gan-an ni Alfa, bàbá mi, ránṣẹ́ wá mi wá. Ojú wíńdò ni mo gbà sá. Alfa ní àwo náà ò gbọ́dọ̀ dún nínú ilé yìí. Mo tọ́jú rẹ̀ ni, mi ò gbọ́ ọ rí."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Haneef ní GRA. Àdúgbò wọn dákẹ́ débi pé mo gbọ́ bí alángbá ṣe ń ronú.

"Kí lo tún kọ wá?" ló fi pàdé mi.

"Mi ò kọ nǹkan kan. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Gbé àwo yín, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo fọwọ́ kan tiwa, ká jọ lọ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Anti."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wọlé, ó gbé àwo jáde.

Bàbá Àgbà tẹ̀ lé wa lọ sí Challenge, nínú fìlà Jímọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ Tọ́sìdeè ni. Mo ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ fetí sí. Anti Rasheedah gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Kí fèrè tó wọlé nínú orin àkọ́kọ́, a gbọ́ ọ, kedere: fííì. Bàbá Àgbà di ọwọ́ mi mú. Ti orin kejì náà: fííì.

Anti Rasheedah rẹ́rìn-ín. "Ó ti tó. Bàbá ni." Wọ́n na ọwọ́ láti gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Haneef doríkodò.

Mo ti borí. Bí mo bá dákẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n mo rántí Abdulmumini tó ń yọ̀ lọ lórí páálí.

"Ẹ jọ̀wọ́, Anti, ẹ jẹ́ kó dópin."

Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Fèrè wọlé. A fetí sílẹ̀ títí etí mi fi gùn dé èjìká. Kò sí ìsúfèé. Orin kẹrin, kò sí.

Bàbá Àgbà dìde dúró. "Ajíbádé nìyẹn. Mo sá lọ, mo rò pé wọ́n máa fi ìyókù sílẹ̀ láìsí fèrè ni. Mi ò mọ̀ pé ó jókòó sáyè mi." Omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n fa Haneef mọ́ra. "Bàbá àgbà rẹ kò purọ́. Èmi náà ò purọ́."

Haneef náà rọ̀ mọ́ wọn.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí tuntun lọ́jọ́ Jímọ̀: Abdulmumini, orin kìíní àti ìkejì, Ajíbádé, orin kẹta àti ìkẹrin. Nígbà tí rédíò máa gbé e sáfẹ́fẹ́, ilé wa kún débi pé ògiri ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde. Haneef jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ fííì lórí rédíò, gbogbo agboolé hó yèè, Bàbá Àgbà sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbé ife-ẹ̀yẹ bọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Òótọ́ ni Bàbá Àgbà fọn fèrè. Irọ́ tí mo fi gbe òótọ́ náà lẹ́sẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ pa á. Bí ẹ bá ní òótọ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe bá a wá ẹlẹ́rìí èké, ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, kódà bó bá fẹ́ pín ògo yín sí méjì. Ìdajì ògo tó tọ́ sí wa yẹn ti kún ilé wa dé òrùlé.

Mo ṣì ń sín Bàbá Àgbà jẹ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá ti ṣe fííì, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa.