Oògùn Íńdíà Láti Ìgbẹsà

Ihò kẹta lára káàdì oògùn náà ló tú àṣírí. Etí rẹ̀ ya díẹ̀, bí ìgbà tí eku fi eyín kan ṣoṣo tọ́ ọ wò, tó sì kọ̀ ọ́. Oògùn àárọ̀ ni Dásọ́lá Oyèwùmí fẹ́ yọ fún àbúrò rẹ̀ tó fi rí i. Ó mọ eyín yẹn. Ẹ̀rọ kẹrin ni, ní iléeṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bá wọn di oògùn sí káàdì ní Ìgbẹsà. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń bẹ ẹnjiníà pé kó wá tún un ṣe. Páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀rọ kẹrin kò sì di nǹkan mìíràn rí ju oògùn ẹ̀fọ́rí lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọpẹ́, àbúrò rẹ̀. Àìsàn tó ń ṣe é ṣọ̀wọ́n débi pé dókítà kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé fún wọn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè ti bàbà inú oúnjẹ jáde, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná yẹn gan-an. Ó wá ń rọ́ lọ sínú ọpọlọ. Oògùn kan ṣoṣo ló ń lé e, títí ayé sì ni yóò máa lò ó. Nígbà tó ń lo ojúlówó, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ó ń dirun fún ẹni mẹ́ta lójúmọ́. Nígbà tí wọn ò rí i rà mọ́ ní Èkó ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Ṣóbándé, oníkẹ́míìsì Ojú-Òrè, ẹnì kan ṣoṣo tó ní òun ní in ní gbogbo Ọ̀tà. Oṣù mẹ́jọ rèé: òòyà ń bọ́ lọ́wọ́ Ọpẹ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n rò pé àìsàn ló ń borí.

Dásọ́lá gba tésàn ọlọ́pàá lọ. Sájẹ́ǹtì Rose wọ aṣọ ilé tẹ̀ lé e, ó dúró síta ṣọ́ọ̀bù. Dásọ́lá nìkan ló wọlé bá Ṣóbándé. Ọkùnrin náà sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ọmọdé tí kì í pè ní ọmọ òun.

"Bàbá, níbo lẹ ti ń kó oògùn yìí?"

"Íńdíà ni, ọmọ mi. Ọkọ̀ òfúrufú ló ń gbé e wá."

"Ṣé Ìgbẹsà ni ọkọ̀ òfúrufú yẹn máa ń balẹ̀ sí?"

Ṣóbándé gba káàdì náà, ó tẹ oògùn mẹ́rin jáde, ó dà wọ́n sẹ́nu, ó ń rún wọn bí ẹ̀pà, ó ní ṣé ó ti rí i báyìí pé kò sí májèlé ńbẹ̀. Kó tó gbé wọn mì, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sórí ọ̀kadà.

Dásọ́lá figbe ta, òun àti Rose fò sórí òmíràn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bá a, ni tírélà sìmẹ́ǹtì kan bá dábùú ọ̀nà. Ṣóbándé juwọ́ sí wọn láti òdìkejì. Dásọ́lá mọ ibi tó ń sá lọ. Lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ Ìgbẹsà, kóòtù funfun tó wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n rí, tó ti bọ́ ọ jù sórí igi ẹ̀gẹ́. Wọ́n tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dé yàrá kan lẹ́yìn iléeṣẹ́ tí Dásọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó ti tiná bọ àwọn páálí Íńdíà tó kó síbẹ̀, kí wọ́n má baà rí ẹ̀rí. Kò rántí pé yàrá náà ò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn há, èéfín kún, ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá láti Ojú-Òrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe ọlọ́pàá.

"Ta ni?" ni Rose béèrè, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ṣóbándé ni, mà."

"Kí lò ń tà?"

"Oògùn ẹ̀fọ́rí. Páálí ni mo ń pààrọ̀. Ẹ dákun, ẹ já ilẹ̀kùn."

Rose já a.

Ìdílé mọ́kànlá tó ti ra oògùn lọ́wọ́ Ṣóbándé ló kún tésàn nírọ̀lẹ́ yẹn. Ìyá kan tí wọ́n ti sọ fún pé àjẹ́ ló ń ṣe ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n ń dì mọ́ Dásọ́lá, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Rose ṣì ń bi Ṣóbándé léèrè.

"Ta ló ń dì í sí káàdì fún ẹ?"

Ṣóbándé fi àgbọ̀n júwe Dásọ́lá. "Àwọn ni. Ní Sátidé."

Dásọ́lá rántí àwọn káàdì oògùn ẹ̀fọ́rí tí kò ní àkọlé, tí ọ̀gá wọn ń kó fún wọn dì ní Sátidé, tó ní ibòmíràn ni wọn yóò ti tẹ orúkọ sí i. Owó iṣẹ́ àṣekún yẹn ló fi ń ra oògùn Ọpẹ́. Rose fa àga fún un, ó ní kó jókòó, ó mú ìwé tuntun jáde láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Aládùúgbò wọn ló di Ọpẹ́ lápá mú wọlé. Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí mi, èwo... ni màá lò... lálẹ́ yìí?"

Dásọ́lá wo Rose. Rose wo Ṣóbándé, ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń dáhùn ìbéèrè yẹn ní gbogbo Ọ̀tà. Ilẹ̀ ni Ṣóbándé ń wò.