Ọ̀gá Tó Fa Ọwọ́ Aago Sẹ́yìn

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí, ìwọ òǹkàwé. Mo bá Josiah Pruett gbé ní ìlú Worcester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìbọ̀wọ́ awọ ni wọ́n ń rán níléeṣẹ́ rẹ̀. Aago kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, aago orí tábìlì onígi dúdú, tó ní ìdìmú idẹ lórí. Láràárọ̀, ọ̀gá á gbé e wá láti yàrá rẹ̀; lálẹ́, á gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Lọ́sàn-án, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, á ṣí gíláàsì rẹ̀, á fa ọwọ́ aago sẹ́yìn, kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Olè pọ́ńbélé! Ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Òṣìṣẹ́ obìnrin kan sọ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù, àkókò ìlọlé ti tó. Josiah lé e lọ. Ó ní, "Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ aago níbí, kó máa lọ sílé."

Ó ti lé Phoebe, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí ọkọ tó fẹ́. Lọ́jọ́ kan, Phoebe ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́, létí gbogbo òṣìṣẹ́, pé àwọn ń lọ sí Amẹ́ríkà. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n máa wọ̀ á gbéra ní ibùdókọ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí bàbá òun jọ̀ọ́ wá súre fún òun.

Josiah wo aago: mẹ́rin ààbọ̀. "Jẹ́ kó dúró dè mí, kò ní kú. Ṣebí òun ló lọ fẹ́ tálákà."

Ìbínú kò jẹ́ kó rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló fa aago náà sẹ́yìn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù márùn-ún, ìbínú yẹn náà ló di í létí. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lanu.

Nígbà tí aago tirẹ̀ ku díẹ̀ kó lu márùn-ún, ó gbéra; nígbà tó fi dé ibùdókọ̀, kẹ̀kẹ́ ti lọ.

Ó sáré padà, ó ń pariwo mọ́ Hester, àgbà nínú àwọn aránbọ̀wọ́. "Ẹ gbọ́ agogo, ẹ mọ̀ pé ọmọ mi ń lọ! Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Kẹ́ ẹ lè lé èmi náà ni, ọ̀gá? Mo lọ́mọ tí mò ń bọ́. Ọjọ́ wo lẹ ti ń jà wá lólè? Lónìí, ara yín lẹ jà lólè! Inú ń bí mi sí yín o. Ṣùgbọ́n Jésù kú fún olè pẹ̀lú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́."

Josiah gbé aago sókè láti là á mọ́lẹ̀. Ó rí ọwọ́ aago tí òun fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín àjákù awọ. "Olúwa, olè ni mí. Ṣàánú mi."

Olúwa ṣàánú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ obìnrin tó lé lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ gíláàsì aago lé Hester lọ́wọ́, kí òun má bàa lè fà á sẹ́yìn mọ́. Ṣùgbọ́n kò fojú kan Phoebe mọ́ títí tó fi kú.

Ìwọ tí ò ń sọ pé àsìkò ṣì wà, ta ló sọ fún ọ? Ṣé kì í ṣe aago tí ìwọ fúnra rẹ fà sẹ́yìn lò ń wò? Àwọn tó fẹ́ kìlọ̀ fún ọ, o ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Phoebe kò lè dúró mọ́. Jésù ṣì ń dúró dè ọ́ lónìí. Dìde, máa lọ bá a.