Ohùn Láti Orí Òkè

Láti ẹ̀yìn gíláàsì ilé-iṣẹ́ rédíò ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, amẹ́rọ tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ibẹ̀, ti kọ́kọ́ rí obìnrin kan tí ń ka ìròyìn. Obìnrin náà gbé ojú sókè láti inú ìwé tí ó fẹ́ kà, ó sì ń wo ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, nítorí pé amẹ́rọ ni ó gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè kí akàròyìn tó lè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbéra. Kẹ́kẹ́ pa lórí rédíò jákèjádò orílẹ̀-èdè kí amẹ́rọ tó rántí ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?" ni obìnrin náà bi í nígbà tí ìròyìn parí.

"Ọwọ́ kò ṣe mí. Ojú ni kò jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́."

"Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ o! Ẹni tí ó bá jẹ́ kí rédíò dákẹ́ níbí, àfi bí ẹni pé ó pa ènìyàn."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe hù ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, láàárín ètò àwọn àgbẹ̀ àti ìkéde òkú. Obìnrin náà sọ ọ́ ní Adákẹ́, nítorí pé amẹ́rọ kì í sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Òun náà sọ obìnrin náà ní Olóhùn-iyọ̀.

Bàbá Olóhùn-iyọ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn àjèjì ṣì ń ka ìròyìn ní èdè tiwọn, òun ni ó kọ́kọ́ kà á ní èdè tí ìyá tí ó wà lóko gbọ́. Títí di òní, bí ó bá ń ná ọjà, àwọn ènìyàn a yíjú: "Áà! Ìròyìn ti dé!"

"Amẹ́rọ kẹ̀?" ni bàbá náà wí nígbà tí ọmọ rẹ̀ dárúkọ ẹni tí ó fẹ́ fẹ́. "Ta ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí? Ilé olóhùn ni ilé yìí. Èmi kò ní fi ọ́ fún ẹni tí kò lóhùn."

"Bàbá, amẹ́rọ náà ni ó gbé ohùn tiyín dé etí ayé."

"Ìkòkò ni ó se ọbẹ̀. Ṣé ìkòkò ni à ń jẹ?"

Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi gbé Adákẹ́ lọ sí orí òkè, níbi tí òpó gíga ti ń ju ohùn sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, kò sí tẹlifóònù, àfi wáyà ilé-iṣẹ́ nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, akàròyìn a máa dán wáyà náà wò. Olóhùn-iyọ̀ a wí pé, "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ẹni orí òkè a sì dáhùn láti inú ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì pé, "Ó ń dún ketekete." Ọ̀rọ̀ mìíràn di èèwọ̀, nítorí pé ọ̀gá ń gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì rẹ̀.

Òjò dé, òjò lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti inú "ketekete" ni obìnrin náà ti ń mọ̀ bí òtútù bá mú un. Láti inú "ẹ̀ta" ni ọkùnrin náà ti ń mọ̀ bí bàbá bá tún ti bá a wí. Bí ìròyìn bá sì ń lọ, Adákẹ́ a gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ tí ó gbóná, èyí tí ohùn náà ń gbà kọjá, bí ẹni tí ó di ọwọ́ olólùfẹ́ mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Súìṣì kan wà lórí tábìlì akàròyìn: bí a bá tì í sísàlẹ̀, wáyà orí òkè nìkan ni yóò gbọ́; bí a bá tì í sókè, gbogbo ayé ni yóò gbọ́. Olóhùn-iyọ̀ ń kánjú. Ó tì í sókè, kò mọ̀.

"Ení, èjì... Adákẹ́, àárò rẹ ń sọ mí. Gbogbo ìròyìn tí mò ń kà, ìwọ ni mò ń kà á fún. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Lórí òkè, abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ, tí í mì bí ohùn bá ń jáde sí ayé, ń jó. Adákẹ́ mọ̀ pé ayé ń gbọ́. Ó lè pa ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa á, obìnrin náà nìkan ni yóò ru ìtìjú. Ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òkè mọ́ra, ó sì ṣí i sí gbogbo ayé.

"Ó ń dún ketekete, Olóhùn-iyọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti rí ọ, kò dákẹ́ nínú mi rí."

Ọ̀gá dá àwọn méjèèjì lẹ́kun iṣẹ́ títí oṣù fi parí. Nígbà tí Olóhùn-iyọ̀ wọlé, bàbá rẹ̀ jókòó ti rédíò, kò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé ayé ń gbọ́?"

"Abẹ́rẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ó mọ̀, Bàbá."

Arúgbó náà pa rédíò. "Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kà. Èmi kò sọ tèmi níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Ní kí ó sọ̀kalẹ̀ wá. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn náà nítòsí."

Adákẹ́ dé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀ bàtà.

"Ṣé o lè tọ́jú ọmọ mi?"

Amẹ́rọ fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Sọ ọ́ sókè! Kò sí súìṣì níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tí oṣù parí, tí ọjọ́ ìgbéyàwó kò tíì pé, Adákẹ́ padà sí orí òkè, Olóhùn-iyọ̀ padà sí ìdí gíláàsì. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan a máa kọjá lórí rédíò. Àwọn ènìyàn a húkọ́, wọn a sún àga. Arúgbó kan ṣoṣo ni í fi etí lé rédíò náà, tí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ rọra," ni í wí fún àwọn ará ilé. "Wọ́n ń dán wáyà wò lọ́wọ́."